Páálí Ẹnu Ilẹ̀kùn

Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí nínú ilé náà, ó kù díẹ̀ kó wà ní ìhòòhò. Ìyá àgbà ni. Irun orí rẹ̀ funfun báláú, omi ń kán lára rẹ̀, ó wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́, ó da táwẹ́ẹ̀lì kọ́ èjìká, itan méjèèjì wà níta gbangba. Ó jù mí lọ, mo rí i lára awọ ọrùn rẹ̀. Mo yára wolẹ̀, nítorí a kì í wo ìhòòhò àgbà. Òun ò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Hi there," ó bá tirẹ̀ lọ, sílípáàsì rẹ̀ ń dún pẹ̀tẹ̀ pẹ̀tẹ̀.

Mo wo Tinúkẹ́, ọmọ mi, tó ń wọ́ àpótí aṣọ mi bọ̀ lẹ́yìn. Mo bi í pé kí ló ṣe ìyá yẹn, ṣé kò sí nǹkan. Tinúkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ wà nísàlẹ̀ ilé, àwọn àgbà ló ń lò ó, èmi náà lè máa lọ bó bá wù mí. Kò wù mí.

Ọmọbìnrin kan jókòó sídìí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá dàgbà jù, á tó ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ó wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì pe orúkọ mi. Kì í ṣe Mọ́mì, kì í ṣe Ìyá Tinúkẹ́, kì í ṣe Grandma. Orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ ló pè, lásán báyẹn, orúkọ tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ló kù láyé tó ń pè é. Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀, kí ẹ má baà máa bú ọmọ ọlọ́mọ. Basement, yàrá abẹ́ ilẹ̀, ni mo gbé nílé Tinúkẹ́ ní àdúgbò Cornerstone nílẹ̀ òyìnbó níhìn-ín fún ọdún mẹ́rin. Èmi ni mo tọ́ Ìfẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, títí tó fi kúrò ní daycare tó wọ iléèwé. Láti ọjọ́ yẹn ni ilé ti dá. Tinúkẹ́ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Airdrie, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà láàárín ìlú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọ̀nà ti gbé kálukú lọ. Lọ́jọ́ kan nígbà snow, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí àtẹ̀gùn basement. Egungun kankan ò ṣẹ́, ṣùgbọ́n n ò lè dìde. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn láti àárọ̀ títí Ìfẹ́ fi ti iléèwé dé. Mẹ́tàlá ni àtẹ̀gùn náà. Mo kọ gbogbo orin tí mo mọ̀ tán, mo tún wá ń kọ orin àwọn ọmọdé.

Tinúkẹ́ ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ ohun tójú rẹ̀ ń rí níbi iṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù méjì ló ní òun ti rí ibì kan fún mi lápá McKenzie Towne.

Mo ní, "Ilé arúgbó."

Ó ní, "Mọ́mì, kì í ṣe ilé arúgbó o. Ẹnikẹ́ni ò ní wẹ̀ yín, ẹnikẹ́ni ò ní bọ́ yín. Ẹ máa ní kíṣíìnì tiyín, ẹ máa ní kọ́kọ́rọ́ tiyín. Àwọn àgbà tára wọn ṣì le ló ń gbébẹ̀. Active living ni wọ́n ń pè é."

Ìfẹ́ ní, "It's like a hotel, Grandma."

Mo bi í pé ta ló ń gbé òtẹ́ẹ̀lì títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Kò gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Ní Ìwó tí wọ́n ti bí mi, tí wọ́n bá ní ẹnì kan wà nílé arúgbó, ọ̀nà méjì ni wọ́n máa gbà túmọ̀ rẹ̀: bóyá kò bímọ, bóyá ó bí wọn tán wọ́n kọ̀ ọ́. Kò sí ẹ̀kẹta. Ẹnu ọ̀nà agbo ilé ni àgbà ń jókòó sí, kí ẹni tó ń jáde lè kí i, kí ẹni tó ń wọlé náà lè kí i. Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní Tinúkẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi iṣẹ́ télọ̀ rán níwèé, òun ló wá kó ìyá rẹ̀ dà sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Orúkọ ọmọ mi á bàjẹ́ níbi tí kò ti sí níbẹ̀ láti gbèjà ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Sùlé, sì rèé, ọ̀rọ̀ kì í sùn nínú rẹ̀. Ohun tó bá gbọ́ kó tó kírun ọ̀sán, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ kó tó kírun alẹ́. Mo pinnu pé kò ní gbọ́.

Bó bá ti pè, màá kọjú fóònù sí kọ́tìnnì, kó má baà rí yàrá. Á bi mí pé Tinúkẹ́ ńkọ́. Màá ní ó ti lọ síbi iṣẹ́. Ìfẹ́ ńkọ́? Ó wà níléèwé. Kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀. Mo kàn ń ká òótọ́ bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ tó ya ni, tí ojú ibi tó ya á fi wà nínú.

Ìgbà kan ó ní, "Ilé yín mà dákẹ́ o. Ṣé ìwọ nìkan lo wà ńbẹ̀ ni?"

Mo ní snow ló ń jẹ́ kó dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi tí mo rò pé ibi tí wọ́n ti ń jókòó de ikú ni wọ́n mú mi lọ, ohun tí mo rí níbẹ̀ yà mí lẹ́nu ju ikú lọ. Wọ́n lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ elevator, iṣẹ́ ojoojúmọ́ wà lórí rẹ̀ bíi ti iléèwé. Lónìí wọ́n á tò sórí ìlà, wọ́n á jó, lọ́la wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù kékeré pẹ̀lú pákó, lọ́tùnla wọ́n á gbé irin. Mo rí bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó dùbúlẹ̀ gbalaja, tó ń ti irin sókè. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn láti mọ ẹni tó fi ìyà náà jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó fi jẹ ẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló wá.

Bàbá mìíràn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ń fẹ́ opó kan lókè kẹta. Wọ́n máa ń dira wọn lọ́wọ́ mú nídìí tíì. Wọ́n ní àwọn máa ṣègbéyàwó. Àwọn ọmọ obìnrin náà wá, mo rò pé ìjà ti dé, àfi bí wọ́n ṣe gbé òdòdó fún bàbá náà tí wọ́n dì mọ́ ọn. Tíì mi tutù lọ́wọ́ mi. Ní Ìwó, àwọn ọmọ yẹn ì bá ti pe ìpàdé ẹbí.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń bá mi jókòó lọ́jọ́bọ̀, tó máa ń fi bísíkíìtì tirẹ̀ lé àwo mi nítorí kò ní eyín tó le. Ọjọ́bọ̀ kan n ò rí i. Nígbà tí mo dé ìdí elevator, fọ́tò rẹ̀ wà lórí tábìlì kékeré, òdòdó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti àbẹ́là oníbátìrì. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n kà á, wọ́n fọwọ́ kan etí tábìlì, wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù. Kò sí igbe, kò sẹ́ni tó káwọ́ lórí. Mo bi Tinúkẹ́ pé ọjọ́ wo la máa lọ kí àwọn ẹbí. Ó ní wọn ò fẹ́ ìdíwọ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n ti fọ kápẹ́ẹ̀tì yàrá rẹ̀, ẹlòmíràn ti kó dé.

Ọmọdé ò sì sí níbẹ̀. Wọ́n lè wá kíni, wọn ò lè gbébẹ̀. Ìfẹ́ wá lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó sáré lọ sáré bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bá ń kígbe mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn ṣí, òmíràn ṣí, orí funfun ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń múra láti tọrọ àforíjì. Wọn ò bínú o. Wọ́n fẹ́ wo ọmọdé tó ń sáré ni.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni ìkíni wọn. "How are you?" ni gbogbo wọn ń wí, ẹsẹ̀ wọn ò sì dúró. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo máa ń dáhùn. Màá ní ẹsẹ̀ ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́. Kí n tó sọ̀rọ̀ dé orí ẹsẹ̀, ẹni tó bi mí ti dé inú elevator. Mo sọ ọ́ fún Tinúkẹ́ pé ìlú tí wọ́n ti ń béèrè àlàáfíà èèyàn tí wọn kì í dúró gbọ́ èsì, ìlú yẹn ò sunwọ̀n. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu mi yìí.

Ẹni tó ń gbé ní ilẹ̀kùn tó kọjú sí tèmi ni Màgírẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni, èmi jẹ́ mọ́kànléláàádọ́rin. Bọ́ọ̀sì iléèwé ló ń wà kó tó fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ sì tó ohùn ẹni tó ń bá ọmọ ogójì wí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí n máa pe òun ní Màgírẹ́ẹ̀tì. Ẹnu mi ò gbà á. Mo ń pè é ní Màmá.

Ó ní, "Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, n ò rántí pé o wà nínú wọn."

Mo ní, "Yes, Màmá."

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kí i dáadáa, mo kúnlẹ̀ fún un lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó rò pé mo ṣubú ni. Ó gbá mi lápá mú, ó ń pariwo kí ẹnì kan wá o, obìnrin kan ti dákú. Àwọn mẹ́ta sáré dé, ọ̀kan gbé omi, ọ̀kan ń fọwọ́ wo bí iṣan ọwọ́ mi ṣe ń lù. N ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún wọn pé ìkíni ni. Láti ìgbà náà, bó bá ti rí i tí orúnkún mi fẹ́ tẹ̀, á ní, "Don't you dare."

Mo máa ń jí ní kùtùkùtù. Bó bá di aago méje, mo ti gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà mi, màá sì gbá tirẹ̀ mọ́ ọn, nítorí èmi ni àbúrò. Màá wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, màá ní, "Màmá, ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ jí ire?" Á dáhùn láti inú pé, "I'm up, I'm up!" bíi pé mo wá sin gbèsè. Rédíò rẹ̀ á ti máa sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n mọ̀ pé télọ̀ ni mí, òun ló kọ́kọ́ gbé ṣòkòtò wá kí n gé e kúrú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá tó ń gbé irin gbé tirẹ̀ wá, àti opó òkè kẹta pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Wọ́n fún mi ní tábìlì kan nínú yàrá iṣẹ́ ọwọ́ nísàlẹ̀. Bí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹnikẹ́ni ò béèrè English lọ́wọ́ mi mọ́. Wọ́n á na ẹsẹ̀, màá wọ̀n ọ́n.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti páálí.

Gbogbo ilẹ̀kùn ló ní i. Ó jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó tó àtẹ́lẹwọ́, ihò wà lókè rẹ̀ tí wọ́n fi ń fi kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ ẹnu ọ̀nà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n English náà ń yára, Tinúkẹ́ ti bá ẹrù gòkè, mo sì ń mi orí bí alángbá. Ohun tí mo rò ni pé fún àwọn tó ń fẹ́ kí wọ́n wá tún yàrá wọn ṣe ni. Èmi lè tún yàrá mi ṣe. Mo ju tèmi sínú dúrọ́ọ̀. Mo kàn ń rí i pé àwọn yòókù ń gbé tiwọn síta kí wọ́n tó sùn, tí wọ́n sì ń mú un wọlé láàárọ̀. Ti Màmá kì í pẹ́ níta. Bó bá di aago méje, ó ti mú un wọlé.

Ó di Ọjọ́rú kan. Mo gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, páálí náà ṣì wà níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní oorun ti gbé Màmá lọ lónìí. Mo kí i: Màmá, ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ jí ire? N ò gbọ́ nǹkan. Mo wá rò ó pé ìka rẹ̀ tí àrìnká ti wọ́ yẹn, yíyọ páálí yìí ń ni ín lára láràárọ̀, kí ni mo wà fún? Ẹni tó bá sá aṣọ sí ìta tí òjò fẹ́ rọ̀, ṣé aládùúgbò rẹ̀ kì í bá a ká a ni? Mo yọ páálí náà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn, mo rọra fi ìka tì í wọlé tán. Inú mi dùn. Mo gbé ìgbálẹ̀ mi, mo sọ̀kalẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Aago mọ́kànlá ni mo ní kó wá kí n wọn síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò wá. Ẹni tó kórìíra kí nǹkan pẹ́ bí awakọ̀ bọ́ọ̀sì, kò wá. Nígbà tó lé ní aago méjìlá, mo gòkè. Mo kí i. Mo kànlẹ̀kùn. Mo fi etí lé ilẹ̀kùn, rédíò ò sọ̀rọ̀.

Mo sọ fún ọmọ ẹnu ọ̀nà pé Màmá ò dá mi lóhùn. Ó wo ìwé rẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan, páálí Màgírẹ́ẹ̀tì ti wà nínú nígbà tí àwọn yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká ní aago mẹ́wàá, ó ti jí, bóyá ó jáde lọ ra nǹkan. Mo ní páálí wo? Ó fi sùúrù ṣàlàyé, ó tún fi ọwọ́ ṣe é, bíi pé ó ń kọ́ ọmọdé. Ó fọwọ́ kọ́ nǹkan sí afẹ́fẹ́, ó pa ojú dé, ó sùn. Ó la ojú, ó na apá, ó mú nǹkan náà wọlé. Èyí ni pé mo jí, ara mi le. Ó tún pa ojú dé, kò la á mọ́. Ó nàka sí páálí tó ṣì wà níta. Ó fi ìka méjì rìn lórí tábìlì: a ó wá.

Mo gbọ́ ọ yé mi níbi ìka méjì yẹn. English tí mo ní sá lọ, díẹ̀ ló kù.

Mo ní, "Me. I take it. She no take it. Me."

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló sáré. N ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ yẹn lè sáré.

Màmá wà nílẹ̀ láàárín balùwẹ̀ àti yàrá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lórí táìsì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ilẹ̀kùn. Páálí náà wà lórí kápẹ́ẹ̀tì níbi tí mo tì í sí. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó gbé ojú kúrò lára páálí, ó gbé e sára mi.

Wọ́n gbé e lọ sí hospital. Egungun ìbàdí rẹ̀ ló ṣẹ́. Wọ́n ní ó ti wà nílẹ̀ láti nǹkan bí aago márùn-ún àárọ̀.

Tinúkẹ́ wá bá mi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Mo ti kó ẹrù mi sínú àpótí. Mo ní kó mú mi lọ sílé, kì í sì í ṣe Cornerstone ni mò ń wí, Ìwó ni. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi bó ṣe máa ń jókòó nígbà tí mo bá ń dirun fún un.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin náà lẹ ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn."

Mo ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ tì í."

Ó ń yọ aṣọ mi kúrò nínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ká wọn. Èmi ni mo kọ́ ọ ní aṣọ kíká, ó dára lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì Ìyá Sùlé pè. Agbára àtikọjú fóònù sí kọ́tìnnì ò sí lára mi. Ó rí yàrá, ó rí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, ó ní ibo rèé? Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ilé náà, àtẹ̀gùn mẹ́tàlá, páálí, Màmá nílẹ̀. Mo ní kó bú èmi, kó má bú Tinúkẹ́. Mo wá ń dúró de èébú.

Ó sún ojú mọ́ fóònù.

Ó ní, "Tí o kò bá yọ páálí náà, wọn á wá?"

Mo ní, "Wọn á wá, ẹ̀gbọ́n mi."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní ṣé mo rántí ìgbà tí òun ní fóònù òun bàjẹ́. Fóònù ò bàjẹ́. Ibà ló dá òun dùbúlẹ̀ ọjọ́ méjì nínú agbo ilé oníyàrá mẹ́rìnlá, tó jẹ́ òun àti ewúrẹ́ ló kù níbẹ̀. Sùlé wà ní Èkó, ìkejì rẹ̀ wà ní Abuja, àwọn yòókù wà lẹ́yìn odi. Obìnrin tó ń bá òun fọṣọ ló wá bá òun nílẹ̀. Òun ò sọ, kí wọ́n má baà ní Sùlé pa ìyá rẹ̀ tì.

Ó ní, "Ìwọ ń bo Tinúkẹ́, èmi ń bo Sùlé. A sì jọ ń purọ́ fúnra wa láràárọ̀."

Ọkàn mi ń rí agbo ilé wa bí mo ṣe fi í sílẹ̀, tí n ò fi ríbi rìn láàárín èèyàn. Ibẹ̀ ni mo ní kí Tinúkẹ́ mú mi padà sí. Ó ti lọ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣe hẹ̀n-ẹ́n. Ó ní, "Bá mi bi wọ́n o, ṣé wọ́n ń ta páálí yẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún. A wá fohùn ṣọ̀kan. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, á fílàṣì mi. Ìgbà náà lèmi ń múra oorun níhìn-ín, tí mò ń gbé páálí mi síta, nítorí mo ti yọ ọ́ kúrò nínú dúrọ́ọ̀. Bí èmi náà bá jí, tí mo mú páálí wọlé, màá fílàṣì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbé e. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ ilé arúgbó náà fún gbogbo àdúgbò, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe mọ̀. Àwọn méjì ti ní kó bá wọn béèrè bí wọ́n ṣe ń wọbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni Màmá lò kó tó padà dé, pẹ̀lú irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó fi ń rìn. Ó ti rù. Mo gbé síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ, mo ti rán ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì náà wọlé láìwọ̀n ọ́n. Ìfẹ́ tẹ̀ lé mi láti máa túmọ̀, kí n má tún mi orí sí ohun tí n ò gbọ́. Kí orúnkún mi tó tẹ̀ ló ti ní, "Don't you dare. They'll carry us both out."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti òjò, ti aṣọ tí aládùúgbò ń ká. Ìfẹ́ túmọ̀ rẹ̀ tán, ojú ọmọ náà pọ́n.

Màmá ní òun rí i. Ó ní òun wà nílẹ̀, òun ń wo abẹ́ ilẹ̀kùn, òun mọ̀ pé bó bá di aago mẹ́wàá wọ́n á wá. Òun rí ìka mi. Òun rí páálí tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, òun ò lè ké.

Ó ní, "Mo gbọ́ ohùn rẹ pẹ̀lú. Ohun kan wà tó o máa ń sọ láràárọ̀. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Ìfẹ́ wò mí. Mo ní kó sọ fún un. Ó ní Grandma ń bi yín bóyá ẹ jí dáadáa ni.

"Ìbéèrè ni?"

"Ìbéèrè ni."

Màmá wo síkẹ́ẹ̀tì tó wà lórí itan rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o rí i, lọ́jọ́ yẹn mo ní èsì fún ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé délé, òun ni mo gbé sùn, òun ni mo gbé jí. Àwọn tí mo ń bú pé wọn kì í dúró gbọ́ èsì, ọjọ́ kan ṣoṣo tí èsì wà, èmi ni mo gbé ìgbálẹ̀ tí mo bá tèmi lọ. Kíkí tí mo gbé ti Ìwó wá, tí mo fi ń yangàn, mo ti sọ ọ́ di ti ìhín kí n tó mọ̀. Ọdún márùn-ún péré ni.

Ní báyìí, bí mo bá gbálẹ̀ tán, n kì í fọwọ́ kan páálí ẹnikẹ́ni. Mo máa ń dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn Màmá, màá ní, "Màmá, ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ jí ire?" Láwọn ọjọ́ mìíràn ó mọ̀ọ́mọ̀ ń dákẹ́. Mo ń gbọ́ irin rẹ̀ tó ń kan ilẹ̀, mo ń gbọ́ rédíò, mo ń gbọ́ ọ tó ń rẹ́rìn-ín sínú. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá màá lọ.

Mo gbé ìgbálẹ̀ mi ti ògiri. Mo dúró.